Alágbára Tó Mèrò

Sùúrù wà lára ìwà tí Yorùbá ń yìn jù, òun náà sì wà lára èyí tí a ń ṣì lóye jù. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan ní sùúrù, ẹni tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ẹni tí ìyà ń jẹ tí kò fọhùn, tàbí ẹni tó káwọ́ lẹ́rán tó ń retí pé nǹkan á padà dára. Ìfaradà ni ti àkọ́kọ́, ìrètí ni ti èkejì. Àwọn méjèèjì ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ sùúrù nínú wọn. Sùúrù gan-an, bí mo ṣe rí i, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Òun ni kí ènìyàn kọ̀ láti lo agbára títí yóò fi mọ ibi tó yẹ kí agbára náà lọ. Ẹni tó ní sùúrù lè fi òòlù lu nǹkan gidigidi; ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ti mọ ohun tó ń lù, àti ìdí tó fi ń lù ú, kó tó gbé òòlù sókè.

Ààfin tàbí ilé-ẹjọ́ ni a sábà máa ń gbà lọ bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwà. Àgbàlá àwọn mẹkáníìkì ẹ̀rọ ńlá ní Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta, yẹ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju méjèèjì lọ. Irin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kì í wojú olówó, kò sì sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. Nítorí náà ó máa ń tètè fi ìwà ẹni tó dì í mú hàn.

Ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní backhoe, tí ará àdúgbò á kàn pè ní katapílà bí wọ́n ti ń pe gbogbo ohun tó bá ń walẹ̀. Ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì gbàǹgbà níwájú tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀, ó sì ní apá gígùn lẹ́yìn tó fi ń gbẹ́ kòtò. Joseph Cyril Bamford, tó dá ilé-iṣẹ́ JCB sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1945, gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde lọ́dún 1953. Nígbà tó di 1957, ilé-iṣẹ́ Case ní Amẹ́ríkà ti ń ta tiwọn. Lónìí, ó ṣòro kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà tàbí kí wọ́n ri páìpù omi mọ́lẹ̀ láìpe irú ẹ̀rọ yìí, àwọn ògbólógbòó wọn ló sì pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, ni ẹsẹ̀ irin méjì wà. Kí apá ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ọpurétọ̀ á kọ́kọ́ sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, wọ́n á tẹ ilẹ̀ títí ìdí ẹ̀rọ yóò fi gbé kúrò lórí táyà. Táyà a máa rọ̀, a sì máa mì. Ẹ̀rọ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méje tàbí mẹ́jọ, tó tún na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nílò ibi tó le láti tẹ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá sọ̀kalẹ̀ tí èkejì há sókè, ẹ̀rọ á dagun. Bí wọ́n bá fi ipá gbẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, egungun irin rẹ̀ á máa lọ́, òun fúnra rẹ̀ sì lè dojú dé. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló há sí, kò ní lè rìn kúrò lójú kan.

Ìdí tí ẹsẹ̀ náà fi ń há ní Warri kò farasin. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,500 mìlímítà lọ. Ìlú tí odò àti ẹrẹ̀ yí ká ni, omi òkun sì ń bá ìgbì wọ àwọn ọ̀gbùn apá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ṣiṣẹ́ nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹrẹ̀ náà á sùn sára rẹ̀ mọ́jú. Ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀rọ kan ń yí lórí píìnì tó gba inú búṣì kọjá. Ti àwọn mìíràn jẹ́ irin tó ń wọ inú irin oníhò lọ, tó tún ń jáde. Àlàfo tó wà láàárín irin sí irin kò tó nǹkan, gírísì ló sì yẹ kó kún ibẹ̀. Bí gírísì bá gbẹ, omi á wọlé, yanrìn á tẹ̀ lé e, irin á sì dógùn-ún. Ìpẹtà gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ: bí irin ṣe ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ ló ń wú. Nínú àlàfo tó há bẹ́ẹ̀, wíwú yẹn á fún píìnì mọ́ búṣì títí sílíńdà tí ọ́ìlì ń tì, tó ti ń gbé ìdí ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò fi ní lè yí i mọ́.

Ẹ̀rọ tó sì dúró láìṣiṣẹ́ ló máa ń tètè há jù, nítorí ẹsẹ̀ tí kò bá lọ tí kò bọ̀ kì í fi gírísì pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997 láàárín Ijaw àti Itsekiri lórí ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Warri South West, àwọn ilé-iṣẹ́ epo ńláńlá kó ọ́fíìsì wọn kúrò ní Warri, iṣẹ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sì bá wọn lọ. Ìjà àwọn ènìyàn a máa dé ara irin.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wá há, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ máa ń lọ bá ni òòlù. Èyí kì í ṣe ti Warri nìkan. Bí ara ènìyàn ṣe rí ni. Ohun tó bá kọ̀ sí wa lẹ́nu, a máa ń rò pé agbára tí a lò ni kò tó. Ó wọ́pọ̀ láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí wáyé:

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fi òòlù ńlá yẹn bà á lẹ́ẹ̀kan. Á jáde.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ṣebí ó há ni, Ọ̀gá.”

“Mo mọ̀ pé ó há. Níbo ló há sí?”

Ìbéèrè ọ̀gá yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín sùúrù àti ìjáfara. Onífàájì náà kò ní gbé òòlù, ṣùgbọ́n kò ní béèrè nǹkan kan. Á wá ibi ìbòòji jókòó sí. Aláìnísùúrù kò ní béèrè, á gbé òòlù. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ó lè dà bíi pé onífàájì àti onísùúrù jọ ara wọn, nítorí kò sí èyí tó ń làágùn nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, aláìnísùúrù ni onífàájì bá tan jù: àwọn méjèèjì ló sá fún ìbéèrè kan náà. Àwọn àgbà ti rí èyí tipẹ́ nígbà tí wọ́n pe alágbára má mèrò ní baba ọ̀lẹ. Bí a bá gba òwe náà lójú lásán, kò ní bọ́ sí i, nítorí òógùn ń bọ́ lára alágbára, apá ń ro ó. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ ọ̀lẹ, débi tí yóò jẹ́ baba wọn? Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀lẹ ni ẹni tó yẹra fún apá tó le jù nínú iṣẹ́, nínú iṣẹ́ tí a sì ń wí yìí, èrò ló le jù. Òógùn rọrùn ju èrò lọ.

Ọ̀nà tí a fi ń wádìí náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọpurétọ̀ á fa ọ̀pá ìdarí ẹsẹ̀ tó há, ọ̀gá á sì dẹtí sí ẹ́ńjìnì. Bí ohùn ẹ́ńjìnì bá wálẹ̀, tó ń kùn bí ìgbà tó gbé ẹrù, ọ́ìlì ń dé ọ̀hún, ó kàn rí ohun tó ń dènà rẹ̀ ni. Bí ohùn kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì má débẹ̀ rárá: fáàfù lè ti lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi igi tó nípọn ti ìdí ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ náà, wọ́n á sì yọ sílíńdà kúrò lára ẹsẹ̀. Bí sílíńdà bá ń nà tó ń ká nígbà tó dá wà, kì í ṣe òun. Ẹsẹ̀ ló há. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá mira, síìlì inú rẹ̀ lè ti ya, ọ̀pá rẹ̀ lè ti tẹ̀, tàbí kí fáàfù kékeré tó ń ti ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀ kọ̀ láti ṣí. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú àbá kan kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá fo gbogbo rẹ̀ lè lu píìnì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ohun tó há sì jẹ́ fáàfù tí kò ju àtàǹpàkò lọ ní òdìkejì ẹ̀rọ. Ó ti làágùn o, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ tó ṣe lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá lọ́dún 1975, ṣàlàyé ìtàn tó sọ pé ọmọ Sùúrù ni Ìwà, àti pé Ọ̀rúnmìlà ló fẹ́ ẹ. Ìwà kúrò nílé, ayé Ọ̀rúnmìlà dàrú, ó sì wá a káàkiri. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbé gbogbo rẹ̀ lé orí pé kí ọkọ máa fara da ìyàwó. Mo rò pé ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà kíyè sí. Ọ̀rúnmìlà tí wọ́n fi ọmọ Sùúrù fún ni baba ìmọ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwádìí ohun tó farasin. Ìtàn náà fi ìmọ̀ àti sùúrù sínú ìdílé kan. Ẹni tó bá wá ya sùúrù kúrò lára ìwádìí, tó ní ìfaradà nìkan ni, ti mú kí Ìwà kúrò nílé lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ìwádìí ni agbára wá kàn, nítorí sùúrù kì í bá agbára jà. Ká ní wọ́n ti rí i pé píìnì ló há sínú búṣì. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹrẹ̀ àti ìpẹtà kúrò ní etí rẹ̀, wọ́n á da ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹtà sí i, tàbí dísù bí kò bá sí òmíràn, wọ́n á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n á máa fi òòlù kékeré kàn án yíká kí gbígbọ̀n rẹ̀ lè fa ọ́ìlì wọlé. Bó bá ṣì kọ̀, wọ́n á fi iná gáàsì yáná irin ìta, kì í ṣe píìnì, nítorí irin tó bá gbóná á fẹ̀, ihò rẹ̀ náà á sì fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà yìí ni òòlù ńlá tó wúlò, síbẹ̀ wọn kì í gbé e lé píìnì ní tààrà. Irin líle tó bá bá irin líle pàdé lè fọ́, kí èérún rẹ̀ fò lọ sójú ẹni tó dúró nítòsí. Ọ̀pá idẹ ló yẹ kó wà láàárín, nítorí idẹ rọ̀, òun ló máa ń gba àpá náà sára. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ohun àkọ́kọ́ tí ojú máa rí ni ọ́ìlì pupa rúsúrúsú tó ń yọ ní etí búṣì bí ẹni ń sunkún. Píìnì á wá sún, kò ní ju ẹ̀yìn èékánná lọ.

Ibi tí ìwà ti ń hàn jù nìyí. Ọmọ iṣẹ́ á pariwo, á fẹ́ lu ú sí i kó lè jáde tán. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á ní kí wọ́n lu ú padà sí ibi tó ti wá. Wọ́n á tún da ọ́ìlì sí i, wọ́n á tún tì í síwájú, á lọ jìnnà díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á tún dá a padà. Ìdí ni pé ìpẹtà tó já ti di èérún nínú àlàfo. Bí a bá fi ipá wọ́ píìnì gba orí rẹ̀ kọjá, á tún há, ó sì lè há débi pé gígé nìkan ló kù. Ó gba ìkóra-ẹni-níjàánu kí ènìyàn dá ohun tó ń wá láti àná padà sẹ́yìn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ìkóra-ẹni-níjàánu kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan. Òun ni kí ìfẹ́ wa sí òpin iṣẹ́ má borí ìmọ̀ wa nípa ọ̀nà tó dé ibẹ̀.

Títí dé ibí, ẹ̀rọ nìkan ni a ti ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú àgbàlá, nítorí òun ni ara rẹ̀ ṣeé tẹ̀ wọ ibi tóóró. Ìwà kejì wọlé wàyí, ìyẹn ìkíyèsára. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rù ń ro ohun tó lè ṣe òun. Ìkíyèsára ń ro ohun tí ìṣe òun lè ṣe fún ara ẹlòmíràn. Ọ̀gá tó gbé ìdí ẹ̀rọ sórí jáàkì nìkan, tó wá ní kí ọmọ ọlọ́mọ wọ abẹ́ rẹ̀, ti fi ẹ̀mí tí kì í ṣe tirẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Kò sì pọn dandan kí jáàkì yọ̀ kó tó jẹ̀bi: ó ti jẹ̀bi láti ìgbà tó ti paṣẹ. A máa ń dúró de jàǹbá kí a tó dárúkọ ìwà burúkú, èyí sì wà lára ìdí tí jàǹbá fi ń pọ̀.

Ewu mìíràn tún wà tí ojú kì í rí. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, agbára ti tán lára ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀ wọ̀nyí. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, fáàfù tí mo mẹ́nu bà ṣáájú ń ti ọ́ìlì mọ́ inú sílíńdà kí ẹsẹ̀ má bàa rọra rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ọ́ìlì náà lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo ti dákẹ́. Agbára tí ọ́ìlì inú irú ẹ̀rọ yìí fi ń tì lè ju 2,000 psi lọ, bẹ́ẹ̀ 30 àti díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ọ́ìlì náà bá rí ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lára rọ́bà tó ń gbé e, ó lè gba inú awọ ọwọ́ kọjá wọ ẹran ara. Ojú ọgbẹ́ náà kì í tóbi, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dun ènìyàn ní wákàtí àkọ́kọ́. Àmọ́ bí wọn kò bá tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ, ó lè gba ìka tàbí ọwọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi ọwọ́ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń yọ. Páálí ló ń lò. Bákan náà ni kì í gbé iná gáàsì súnmọ́ sílíńdà tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tó gbóná nínú ohun tó dé pa lè mú un bú gbàù. Ọ̀gá tó mọ nǹkan wọ̀nyí tí kò sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí kó má bàa tètè di ọ̀gá, ti ta ọwọ́ ọmọ náà lówó pọ́ọ́kú.

Ìwà kẹta ni òtítọ́. Ìtumọ̀ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni pé kí ènìyàn sọ ohun tó wà bó ṣe wà fún ẹni tí ọ̀ràn kàn, pàápàá nígbà tí onítọ̀hún kò ní ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí píìnì bá jáde. Kò ní rí i pé àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú, pé ihò búṣì kò rí roboto mọ́. Ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ni yóò rí. Wọ́n lè nu píìnì àtijọ́ náà, kí wọ́n fi gírísì bo àpá rẹ̀, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì gba owó tuntun. Irọ́ yìí á pé oṣù díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò san án nígbà tí wọ́n bá ti ta ẹ̀rọ náà. Ní ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra níbi tí àwọn yòókù ti ń lo Bíbélì tàbí Kùránì, nítorí Ògún, tí wọ́n mọ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá dé Ìbíní, kò fẹ́ irọ́. Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, ẹni tó ń fọwọ́ kan irin láti àárọ̀ di alẹ́ wà lẹ́nu ìbúra ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi irọ́ kì í dá wà lọ́rùn mẹkáníìkì. Bí ọ̀gá kan bá fi ìdajì wákàtí wádìí, tó rí i pé fáàfù kékeré ló lẹ̀, tó tú u, tó fọ̀ ọ́, tí ẹsẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀, oníbàárà á wojú rẹ̀, á ní, “Ṣé ohun tí ẹ kàn fọwọ́ bà yìí náà lẹ fẹ́ gba owó lé lórí?” Bí ọ̀gá náà bá sì lu irin kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí aṣọ rẹ̀ rin fún òógùn, oníbàárà á sanwó, á tún kí i kú iṣẹ́. Oníbàárà yìí kò mọ̀ pé òógùn lòun ń rà, pé òun kò ra ìmọ̀. Láìpẹ́, ẹni tó ní ìmọ̀ á kọ́ bí a ṣe ń díbọ́n òógùn. Àwùjọ tó bá ń sanwó fún ariwo tí kò sanwó fún òye ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ní irọ́ pípa, kódà bó bá ń wàásù òtítọ́ fún wọn lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ ẹni tó yó ni gbogbo èyí. Ẹni tó yá owó ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀, tó gba iṣẹ́ gọ́tà lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀, tí kòtò tó là sílẹ̀ wà níwájú ilé onílé, tí òjò sì ti ṣú, kò ní àyè àtidá píìnì padà sẹ́yìn kó tó tì í síwájú. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ ká fi òwe gbá a dànù. Lápá kan, ìṣirò lásán lè dá a lóhùn: ìwádìí ń gba wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ipá tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n lè wá páàtì rẹ̀ títí dé Èkó kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ẹni tí kò ní owó ni kò lè rí èyí san. Àmọ́ lápá kejì, òótọ́ ni oníyèméjì náà sọ. Sùúrù ní iye tó ń náni, iye náà kì í sì í pín dọ́gba. Ọ̀gá tó dúró di ọjọ́ kejì kí ọ́ìlì lè wọlé ti pàdánù owó ọjọ́ kan. Ẹni tó ń fi ìkánjú lé e kò pàdánù nǹkan kan. Ìwà ọmọlúàbí kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó di òòlù mú nìkan. Ẹni tó ṣètò iṣẹ́, tó mú kí ohun tó tọ́ wọ́n, kí ohun tí kò tọ́ sì pọ́ọ́kú, ní ìpín tirẹ̀ nínú ìbàjẹ́, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Kò yẹ kí ẹsẹ̀ náà tilẹ̀ há. Lójú píìnì kọ̀ọ̀kan ni ẹnu kékeré kan wà tí wọ́n ń fi ìbọn gírísì fún. Ìwé ìtọ́jú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ní kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́, tàbí lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá iṣẹ́. Wọ́n á fún un títí gírísì dúdú oníyanrìn yóò fi jáde tán, tí tuntun á sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò gba agbára ni, kò gba ọgbọ́n púpọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò yin ènìyàn sí i. Bóyá ìdí tí wọ́n fi ń pa á tì nìyẹn. Ìtọ́jú jẹ́ ìwà rere tí àṣeyọrí rẹ̀ kò ṣeé tọ́ka sí, nítorí ohun tó ń mú jáde ni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. A lè tọ́ka sí ẹni tó tú ẹsẹ̀ tó há. A kò lè tọ́ka sí ẹsẹ̀ tí ìbá há tí kò há.

Ohun tó ṣeé tọ́ka sí ni a máa ń ṣe ayẹyẹ fún. Ní Ekpan, tí kò jìnnà sí àárín Warri, ni ilé ìfọpo tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978 wà, èyí tí agbára rẹ̀ wá di 125,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Ó dúró fún ọdún púpọ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2024, NNPC, ilé-iṣẹ́ epo orílẹ̀-èdè, kéde pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìròyìn náà sì gba gbogbo ìwé ìròyìn kan. Kí oṣù Kìíní 2025 tó parí, wọ́n tún ti dá a dúró. Ilé-iṣẹ́ irin Delta Steel tí wọ́n ṣí ní Ovwian-Aladja lọ́dún 1982 náà ti ti ọwọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni. Ayẹyẹ wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti pàgọ́, tí wọ́n lu ìlù, tí gómìnà wá jókòó, nítorí pé ẹnìkan fún gírísì sí ojú píìnì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Láàárín àwọn tó ń háyà backhoe, àwọn kan wà tó ń fi wákàtí díwọ̀n owó, tí kíkà rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti wọ ilẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ọpurétọ̀ fi ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀, tó fi ń yẹ rọ́bà wò, tó fi ń fún gírísì, kò sí nínú owó náà. Àpò ara rẹ̀ ló ti ń jáde. Ohun tí kò bá sí nínú owó kì í pẹ́ kúrò nínú iṣẹ́. Ó yẹ kí àwọn tó ni ẹ̀rọ àti àwọn tó ń háyà rẹ̀ kọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún iṣẹ́ òwúrọ̀ yẹn sínú àdéhùn wọn, kí wọ́n sì máa san án bí wọ́n ti ń san ti kòtò.